Láti Orí Òrùlé Bọ́ Sábẹ́ Bọ́ńpà: Bí Mo Ṣe Yan Iná Àfikún fún Pikọ́ọ̀pù Mi

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́jọ́ tí mo pinnu pé iná gbọọrọ orí òrùlé yẹn gbọ́dọ̀ kúrò. Ọ̀nà erùpẹ̀ ni mo wà, ẹrù wà lẹ́yìn ọkọ̀, kùrukùru sì bo gbogbo àfonífojì tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí. Mo tẹ súwíìsì iná òkè, mo rò pé ojú ọ̀nà yóò là. Ògiri funfun báláú ló dìde níwájú mi. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tèmi gan-an ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí mi lójú. Mo pa á, mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tan pọ́ńtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì jókòó títí oòrùn fi gbé kùrukùru náà kúrò. Ibi tí mo jókòó sí yẹn ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ náà jẹ́ pikọ́ọ̀pù oníbátìrì 12 fóòtì. Kì í ṣe ọkọ̀ eré ìdíje, ẹrù ló ń kó. Ọ̀nà ọ̀dà tó ń rìn kò pọ̀, ọ̀nà erùpẹ̀ ló pọ̀ jù, òru ló sì sábà máa ń jẹ́. Ohun tí mo ṣe, àti ìdí tí mo fi ṣe é, ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, títí kan èyí tí mo ní láti tú kí n tún un ṣe.

Yíyọ iná òkè

Bóòtù mẹ́rin ló dè é mọ́ òrùlé, kò sì gbà ju wákàtí kan lọ. Ihò méjì nínú mẹ́rin náà ti ń jẹ́ kí omi jò wọ inú ọkọ̀ láìjẹ́ pé mo mọ̀. Abẹ́ aṣọ òrùlé ti pọ́n dòdò fún ìpẹtà. Mo fi yanrìn pépà họ ìpẹtà kúrò, mo kùn ún lọ́dà, mo fi bóòtù kúkúrú tó ní rọ́bà nídìí dí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tí iná náà wà lórí tábìlì ni mo wá ka ohun tó wà lára páálí rẹ̀ dáadáa. Iye lumen ńlá kan ni wọ́n kọ gàdàgbà síwájú. Òun ló tàn mí lọ́jọ́ tí mo rà á. Lumen ń ka gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára iná, ibi yòówù tí ì báà dojú kọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń ka gbogbo omi tó ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ láìbéèrè bóyá inú korobá ló ń bọ́ sí tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n tiẹ̀ máa ń ṣírò iye náà láti ara ẹyọ LED kọ̀ọ̀kan, kí dígí àti ooru tó jẹ nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n wá ni candela, tí ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe le tó síhà kan pàtó, àti lux, tí ń sọ èyí tó bà lé ohun tí mo fẹ́ rí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Mú candela, fi iye mítà tó jìn pín in lẹ́ẹ̀mejì, lux ló kù. Iná tó bá ní 160,000 candela níwájú yóò fún ọ ní 16 lux ní 100 mítà, 4 lux ní 200 mítà, 1 lux ní 400 mítà. Bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló kù. Nítorí náà, tí ilé iṣẹ́ kan bá kọ ọ́ pé iná wọn fún ni ní 1 lux ní 400 mítà, ọ̀rọ̀ tó ṣeé dì mú nìyẹn. Lumen nìkan kò sọ fún mi ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ.

Ìbéèrè tó yí iṣẹ́ náà padà

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wáyà ọkọ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, iná wo lẹ rò pé ó dára jù lọ báyìí?”

Wọn ò dárúkọ iná kankan. Wọ́n ní, “Kí lo fẹ́ rí? Báwo ló ṣe jìn tó? Lọ wọn ìyẹn ná, kó o tó wá bi mí ní ti iná.”

Mo lọ wọ̀n ọ́n. Lálẹ́, lójú ọ̀nà tó tẹ́jú tí ọkọ̀ kankan kò gbà, mo to páálí aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá síra wọn, mo padà jókòó sídìí ọkọ̀. Iná rírẹlẹ̀ ọkọ̀ mi fi èyí tó wà ní nǹkan bí 45 mítà hàn mí. Fúlù fi èyí tó wà ní bíi 90 mítà hàn. Lẹ́yìn ìyẹn, òkùnkùn ni.

Mo wá fi ìyẹn wé bí ọkọ̀ ṣe ń dúró. Ní 60 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ọkọ̀ ń jẹ nǹkan bí 17 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ojú tó rí nǹkan, kí ẹsẹ̀ tó dé bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ lè ti lọ: 25 mítà nìyẹn. Lórí erùpẹ̀ tó tú, tí mo bá ní kí bíréèkì máa fi mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá dín eré kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 35 mítà mìíràn ni kí ọkọ̀ tó dúró pátápátá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 mítà. Ní 80 kìlómítà, ìṣirò kan náà gbé e dé bíi 95 mítà. Ìyẹn ni pé ní 60, iná rírẹlẹ̀ mi kò tó mí. Ní 80, fúlù mi gan-an kò tó. Inú mi bà jẹ́ nígbà tí mo rí i lórí ìwé, torí mo ti fi eré yẹn rìn lóru lọ́pọ̀ ìgbà.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ìbéèrè ẹ̀gbọ́n. Lójú ọ̀nà tó là gbọọrọ, mo fẹ́ rí iwájú ju 100 mítà lọ. Nínú kùrukùru, nínú eruku àti ní kọ́nà, ohun tí mo fẹ́ rí kò ju 20 sí 30 mítà lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí etí ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì. Kò sí iná kan tó lè ṣe méjèèjì dáadáa. Iná òkè mi ń gbìyànjú rẹ̀, kò sì ṣe ọ̀kankan yanjú.

Iná kùrukùru

Kùrukùru jẹ́ ẹ̀kán omi tín-tìn-tín tó fò léfuùfù. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń tú ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á ká síbi gbogbo, títí kan ojú ẹni tó ń wakọ̀. Bí iná bá ṣe sún mọ́ ojú ẹni tó, tó sì ń ta sókè tó, bẹ́ẹ̀ ni funfun tó ń padà wá ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí iná orí òrùlé fi burú jù lọ nínú kùrukùru, nítorí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ gan-an tí ojú rẹ ń gbà kọjá. Iná kùrukùru tòótọ́ máa ń wà nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀, òkè rẹ̀ sì gé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ó ń yọ́ gba abẹ́ ibi tí ojú ń wò. Òkè tó gé yẹn ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Mo máa ń ní kí ẹni tó ń tajà tan án sí ara ògiri. Bí òkè ìmọ́lẹ̀ náà kò bá gé, tó kàn rí roboto bí òṣùpá, iná lásán ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí.

Ara dígí náà máa ń sọ̀rọ̀. Lábẹ́ òfin iná ọkọ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà nínú òbìrí kan ń sọ orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí iná náà: E1 jẹ́ Jámánì, E2 jẹ́ Faransé, E4 jẹ́ Netherlands. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, B tàbí F3 túmọ̀ sí iná kùrukùru ti iwájú. HR túmọ̀ sí fúlù ti halogen, ìyẹn gílóòbù tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń gbóná tó sì ń tàn. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà J583 ti SAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀, ló wà fún iná kùrukùru, J581 sì wà fún fúlù àfikún. Mo rí iná mélòó kan tí wọ́n ń pè ní ti kùrukùru tí kò ní àmì kankan lára. Mi ò ra ọ̀kankan nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ pẹ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iná òféèfèé ń gún kùrukùru kọjá ju funfun lọ. Ẹ̀kán omi inú kùrukùru tóbi ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ dáadáa, nítorí náà gbogbo àwọ̀ ló ń tú ká ní ìwọ̀n kan náà ní gbogbogbòò. Ohun tí òféèfèé ń ṣe wà lójú wa: ó yọ àwọ̀ búlúù kúrò, búlúù sì ni ara ìmọ́lẹ̀ tó máa ń ta ojú jù lọ. Faransé pàṣẹ iná iwájú aláwọ̀ òféèfèé fún ọkọ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 1993. Mo dán funfun àti òféèfèé wò lórí ọkọ̀ kan náà, mo sì rí i pé lẹ́yìn wákàtí kan, òféèfèé kì í jẹ́ kí ojú mi ro. Òun ni mo mú. Fún ojú mi ni mo ṣe mú un, mi ò retí pé kó gún kùrukùru.

Gílóòbù halogen irú H3 ti 55 wáàtì ni mo fi síbẹ̀, pẹ̀lú dígí òféèfèé. Ó máa ya ẹlòmíì lẹ́nu pé mi ò mú LED. Nísàlẹ̀ níbẹ̀ ni òkúta ti ń ta, bí gílóòbù kan bá jó, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ má fi ìka kan dígí gílóòbù halogen o. Òróró ara ìka máa ń mú kí ojú ibẹ̀ gbóná ju ibòmíràn lọ, a sì máa bà á jẹ́. Bákan náà, mi ò ti gílóòbù LED sínú ilé iná tí wọ́n ṣe fún halogen. Abọ́ dídán inú rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ní ìbámu pẹ̀lú ibi tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú halogen wà gẹ́lẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ibòmíì jáde, òkè rẹ̀ kò ní gé mọ́, yóò sì máa fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀.

Iná ọ̀nà jíjìn

Lórí èyí, ọ̀rọ̀ mi kò gùn. LED méjì tó rí roboto, 40 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, abọ́ inú wọn jìn, wọ́n sì kọ 1 lux ní 400 mítà sí i fún méjèèjì pọ̀. Mo yẹra fún èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín jù, torí lójú ọ̀nà tó ń yí, ara igi nìkan ló máa ń tàn sí. Àwọ̀ wọn jẹ́ 5,000 K (Kelvin, òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀). Èyí tó bá kọjá 6,000 lọ máa ń ní búlúù jù fún mi, ilẹ̀ pupa sì máa ń dà bí eérú lábẹ́ rẹ̀.

Ibi tí wọ́n wà

Iná kùrukùru wà lábẹ́ bọ́ńpà, 60 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀, wọ́n sì jìnnà síra bí ó ti ṣeé ṣe. Iná ọ̀nà jíjìn wà níwájú gíríìlì, lórí irin kan tí mo jó mọ́ ibi tí bọ́ńpà ti so mọ́ ṣásíì. Mo kọ́kọ́ gbé wọn sí àárín, ooru ẹ̀ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nígbà tí mo gun òkè pẹ̀lú ẹrù; wọ́n ti dí afẹ́fẹ́ rédíétọ̀ lọ́nà. Mo sún wọn sí ẹ̀gbẹ́, ooru náà sì padà sílẹ̀.

Irin tí mo kọ́kọ́ lò fẹ́lẹ́ jù. Lórí ọ̀nà tó ní ìgbì-ìgbì, ìmọ́lẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, orí sì fọ́ mi kí n tó dé. Mo fi irin tó nípọn tó 5 mílímítà rọ́pò rẹ̀, mo sì fi ọ̀pá kékeré kan gbé ẹ̀yìn iná kọ̀ọ̀kan ró kó lè dúró sójú kan. Ara iná jẹ́ aluminiọ̀mù, bóòtù jẹ́ irin tí kì í pẹtà. Tí omi àti ẹrẹ̀ bá wà láàárín irin méjèèjì, aluminiọ̀mù a máa jẹrà. Mo fi gíríìsì sí gbogbo bóòtù kí n tó dè é.

Wáyà

Wáyà tó wà nínú páálí iná kùrukùru náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń ti bátìrì wọ inú ọkọ̀ lọ bá súwíìsì, kó tó padà jáde lọ bá iná. Mo so ó bẹ́ẹ̀, torí mo fẹ́ mọ̀. Mo tan iná, mo gbé mítà: bátìrì ń fún mi ní 13.7 fóòtì, ìdí gílóòbù ní 11.8. Fóòtì méjì dín díẹ̀ ti sọ nù sójú ọ̀nà. Èèyàn lè rò pé nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ halogen máa ń tẹ̀ lé fóòtì tí a gbé sí agbára (power) bíi 3.4: bí fóòtì bá dín díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a dín púpọ̀. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ mi ni wáyà náà ń jẹ. Èèyàn ì bá pàdánù tó bẹ́ẹ̀, kó sì lọ ra gílóòbù tó lágbára jù, tí yóò mú kí wáyà náà gbóná sí i.

Mo tú gbogbo rẹ̀. Gílóòbù méjì ti 55 wáàtì jẹ́ 110. Fi 12 pín in, áńpù 9 lé díẹ̀. Mo fa wáyà 2.5 mílímítà onígun mẹ́rin láti bátìrì, fíúsì 15 áńpù wà lẹ́nu bátìrì gan-an, kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí i. Fíúsì tó bá jìnnà sí bátìrì kò dáàbò bo wáyà tó wà láàárín wọn, ibẹ̀ ni iná sì lè ti ṣẹ́ yọ bí irin ọkọ̀ bá bó ara rẹ̀.

Relay, ìyẹn súwíìsì tí iná kékeré ń tì láti tan iná ńlá, ló wá ń gbé ẹrù iná náà báyìí. Ẹsẹ̀ 30 ń gba iná láti bátìrì nípasẹ̀ fíúsì, 87 ń gbé e lọ sí gílóòbù, 86 ń gba àṣẹ láti súwíìsì, 85 lọ sí áàsì, ìyẹn irin ara ọkọ̀. Wáyà fẹ́lẹ́ ló ń wọ inú ọkọ̀, torí àṣẹ nìkan ló ń gbé. Àwọn relay wà lẹ́bàá bátìrì, ẹnu wọn dojú kọlẹ̀ kí omi má bàa dúró nínú wọn. Áàsì kò kàn wà lórí bóòtù tí ọ̀dà bò. Mo họ irin náà títí ó fi ń dán, mo de wáyà mọ́ ọn, mo fi gíríìsì bò ó. Nígbà tí mo tún gbé mítà, ìdí gílóòbù ní 13.4. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn sójú láìsí mítà.

Iná ọ̀nà jíjìn ní relay tirẹ̀ àti fíúsì 10 áńpù. Ara wáyà fúlù ni mo ti mú àṣẹ rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti gba súwíìsì kọjá. Bí mo bá rẹ iná sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń bọ̀, àwọn náà kú lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ mi kò ní wá súwíìsì kejì. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni so ó lọ́nà mìíràn. Iná kùrukùru gba àṣẹ tirẹ̀ láti ara iná pákíǹ, kí n lè tan án láìsí fúlù rárá.

Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í hó nígbà tí LED bá tàn. Mo gbé wáyà wọn jìnnà sí wáyà ẹ́ríà, híhó náà sì rọlẹ̀ débi tí mo lè gbọ́ ìròyìn.

Títò wọn

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ògiri níwájú, 7.6 mítà láàárín iná àti ògiri. Mo fi téèpù sàmì sí ibi tí àárín iná ga dé, mo sì rẹ iná kùrukùru sílẹ̀ títí òkè ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi wà ní 10 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ téèpù. Láti gíga 60 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn máa kan ilẹ̀ ní bíi 46 mítà. Iná ọ̀nà jíjìn, mo jẹ́ kí àárín rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ jù wà lórí ìlà téèpù gan-an.

Ohun tí ojú ọ̀nà sọ

Ìrìn àjò àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi nínú. Kùrukùru wà ní àfonífojì kan náà. Mo pa fúlù, mo tan ti ìsàlẹ̀, mo sì rí koríko etí ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, mo ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ohun tí mo rí. Nínú eruku ọkọ̀ tó ṣáájú mi, bákan náà ló rí.

Ìrìn kejì, mo la odò kékeré kan kọjá. LED ti ń jó láti wákàtí méjì, ara rẹ̀ gbóná, omi tútù sì bò ó lójijì. Ní òwúrọ̀, ìrì wà nínú ọ̀kan. IP67 ni wọ́n kọ sí i: eruku kò lè wọ̀ ọ́, ó sì lè wà lábẹ́ omi dé 1 mítà fún 30 ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú iná tó gbóná máa ń sún kì nígbà tó bá tutù, a sì máa fa omi gba ibi yòówù tó bá rí. Mo rí i pé ẹrẹ̀ ti dí ihò kékeré tí iná náà fi ń mí lẹ́yìn. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sóòrùn. Láti ìgbà náà, mo máa ń pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó wọ omi.

Ìrìn kẹta ló kọ́ mi ní ohun tí mi ò rò. Ẹrù kún ẹ̀yìn bámúbámú, mo wọ kùrukùru, funfun yẹn sì tún dìde níwájú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ìsàlẹ̀ nìkan ló ń jó. Nígbà tí mo délé, mi ò já ẹrù. Mo lọ sídìí ògiri mi. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti rì ní 5 sẹ̀ǹtímítà. Láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn jẹ́ 3 mítà, nítorí náà ní 7.6 mítà, imú ọkọ̀ ti gbé ìmọ́lẹ̀ sókè ní nǹkan bí 13 sẹ̀ǹtímítà. Òkè tí mo rẹ̀ sílẹ̀ ní 10 ti wá wà ní 3 sẹ̀ǹtímítà lókè téèpù, ó ń ta tààrà sínú kùrukùru.

Mo tún wọn tò pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Mo fi ṣísẹ́lì fa ìlà méjì sára irin tó gbé iná kọ̀ọ̀kan dání, ọ̀kan fún ìgbà tí ẹrù wà, ọ̀kan fún ìgbà tí ẹ̀yìn ṣófo, mo sì so sípánà 13 mọ́ abẹ́ àga. Bí mo bá ti kó ẹrù tán, mo máa ń tú nọ́ọ̀tì méjì, mo máa ń yí iná sí ìlà tirẹ̀, mo sì máa ń dè é padà kí n tó ṣáná sí ọkọ̀.